Àwo Pẹlẹbẹ àti Abọ́ Irin: Ọdún Mi Nídìí Àyẹ̀wò Pátẹ́ǹtì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ọ̀pọ̀ nínú yín kò tíì gbọ́ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò yà mí lẹ́nu. Ìyá tó bí mi gan-an kò rí orúkọ pè é. Ohun tó máa ń sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni pé, "Ọmọ mi ń bá lọ́yà kàwé." Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Lọ́yà ni ọ̀gá mi, ìwé la sì ń kà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló wà nínú ìwé náà.

Bí ènìyàn bá ṣẹ̀dá ohun tuntun, ìjọba lè fún un ní ìwé tó sọ pé, fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé yìí là ń pè ní pátẹ́ǹtì. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ́fíìsì ìjọba máa ń wò bóyá ìwé ẹni pé, bóyá àwòrán wà níbẹ̀, bóyá a fọwọ́ sí i. Wọn kì í wádìí bóyá ohun náà jẹ́ tuntun lóòótọ́. Bí wọ́n bá fún ọ lónìí, tí ẹnìkan sì fà á ya nílé ẹjọ́ lọ́túnla, ẹrù tìrẹ nìyẹn. Àwa tí a ń bá ènìyàn kọ ìwé náà la ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kínníkínní. Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ìgbà tí owó epo ń wọlé ni mo jáde ní yunifásítì. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sí ilé-iṣẹ́ epo, àwọn mìíràn ń lọ síbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Èmi rí ìpolówó kékeré kan, mo kọ̀wé, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó yàrá kan ní Ìdímù àti owó ọkọ̀ lọ sí Èkó. Kò sí ohun tó kù láti sọ nípa ìyẹn.

Alàgbà Ṣówándé lorúkọ ọ̀gá mi. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀. Yóò mú pátẹ́ǹtì àtijọ́ kan, yóò yọ àwòrán inú rẹ̀ kúrò, yóò sì ní kí n ka gbólóhùn ẹ̀tọ́ rẹ̀ kí n ya ohun tí mo bá kà. Gbólóhùn ẹ̀tọ́ ni ibi tí olóhun ti sọ pé ibí ni tèmi bẹ̀rẹ̀, ibí ló parí sí. Òkúta ààlà ilẹ̀ ni ẹ lè fi wé.

Mo ya ẹ̀rọ ìfami kan lọ́jọ́ kan, mo fún un ní ẹsẹ̀ mẹ́rin.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin?"

"Kò ní lè dúró bí kò bá lẹ́sẹ̀, sà."

"Mi ò bi ọ́ bóyá yóò dúró. Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà."

"Pa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfami mi ṣe wà lófuurufú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó tún kọ́ mi láti fa ìlà méjì sójú ìwé kí n fi pín in sí apá mẹ́ta: ohun tí mo fojú mi rí, ohun tí wọ́n sọ fún mi, ohun tí mo rò. Apá kẹta yìí, kì í kà á. Ó ní ti ara mi ni.

Mo ní láti sọ àṣìṣe mi náà. Bàbá kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá wá. Èyí tí mo rí, igi ni wọ́n fi ṣe rògòdò tó ń yí nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní ìlù, mo sì kọ "ìlù onígi" sínú gbólóhùn ẹ̀tọ́. Ọ̀gá wà lẹ́yìn odi lọ́sẹ̀ náà, ìwé náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ẹnìkan fi irin ṣe ìlù tirẹ̀, pátẹ́ǹtì wa kò sì rí i mú. Alàgbà Ṣówándé kò bínú. Ó kàn ní, "Ìwọ lo kọ igi. Ìwọ ni kó o lọ sọ fún un." Mo lọ. Bàbá náà fún mi ní àga, ó gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pé, "Ṣé mo sọ fún ọ pé igi nìkan ni?" Mo ní rárá. Ó dìde, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó sàn fún mi kó bú mi.

Ohun èlò wa yàtọ̀ pátápátá sí tòní. Orí pépà tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá la ti ń ya àwòrán, bí íńkì bá kán sí i, ó di pé ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì wa máa ń fo lẹ́tà kan, a óò wá fi ọwọ́ kọ lẹ́tà yẹn sí gbogbo ibi tó bá ti yẹ kó wà. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Ohun tí a ń fi oṣù kan wá nínú àwọn ìwé ilẹ̀ òkèèrè ti di ohun tí à ń rí láàárọ̀ kan. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó wọṣẹ́ lẹ́yìn mi máa ń gba ohun tí ẹ̀rọ bá gbé síwájú wọn gbọ́ kíákíá. Èyí jẹ́ èrò mi, ẹ lè fò ó.

Ọ̀ràn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí pé òun ló jẹ́ kí n mọ ohun tí iṣẹ́ mi wà fún. Àdúgbò mi ló ti wá.

Lọ́nà tó ti Ìdímù lọ sí Ìkọ̀tún, ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tó ń kan bọ́dì ọkọ̀ akẹ́rù. Làmídì lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Ràfíù la máa ń pè é. Nígbà yẹn, orí ọkọ̀ àti egungun rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kó wọ̀lú. Egungun yìí ni ṣáásì. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa ló ń kan ibi ìkẹ́rù lé e lórí. Irin gígùn méjì ló máa ń wà láàárín ṣáásì àti bọ́dì, a ń pe ìyẹn ní férémù abẹ́ bọ́dì. Bó o bá dè é pinpin mọ́ ṣáásì, kòtò ọ̀nà wa yóò máa lọ́ ṣáásì bí ẹni ń fún aṣọ, férémù kò sì ní lè bá a lọ́. Nǹkan kan ní láti ya. Ohun tí Bàbá Ràfíù ṣe ni pé ó wá ọ̀nà tí férémù yóò fi jókòó sórí rọ́bà táyà níwájú, kó lè máa fún ṣáásì láyè.

Ó wá bá mi nílé lọ́sàn-án Sátidé kan.

"Wọ́n ní ìwọ ni ọmọ tó ń gba ìwé ìjọba fún àwọn tó bá ṣe nǹkan tuntun."

"Ọ̀gá mi ló ń gbà á, sà. Èmi kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

"Yẹ tèmi wò. Àwọn ará ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń kó ọkọ̀ wọ̀lú ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kí n tú u káwọn rí inú rẹ̀. Mo ní sípánà rẹ̀ ò sí nílé."

Ohun tó wà nínú ewu yé èmi àti òun. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá kọ́kọ́ gba ìwé lórí rẹ̀, yóò di pé kí Bàbá Ràfíù máa tọrọ àyè láti ṣe ohun tó ti orí ara rẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ tó wá sí ọ́fíìsì wa l'Ékòó, kò dá wá. Ó kó ọkùnrin márùn-ún lẹ́yìn, gbogbo wọn wọ agbádá. Àlájì Sàká tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló ṣáájú wọn.

"Ọ̀gá lọ́yà," Bàbá Ràfíù ní, "kí wọ́n má bàa sọ pé irọ́ ni mo ń pa, mo kó ẹlẹ́rìí wá."

Àlájì Sàká gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ìṣojú wa ni, sà. Ọjọ́ tó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní òmìnira, gbogbo ẹgbẹ́ akanbọ́dì láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò ló pé síbẹ̀. Ó gbé ohun tó ṣe yìí lé wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká wò ó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sọ lọ́la pé òun ló kọ́kọ́ ṣe é."

Ọ̀gá mi gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa, ohun tí o bá fi han ẹgbẹ́ lọ́jọ́ òmìnira ti di tìrẹ, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́. Òfin pátẹ́ǹtì yàtọ̀. Ohun tí àwùjọ bá ti rí kó o tó gbé ìwé rẹ wá, kì í ṣe tuntun mọ́, gbogbo ayé ló ni ín. Alàgbà Ṣówándé fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Bàbá Ràfíù wo àwọn ènìyàn rẹ̀ yí ká. "Ẹlẹ́rìí mi ló wá di ọ̀tá mi?"

Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́. "Tó bá jẹ́ pé ká má rí i ló dáa, ojú mi ò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Èmi ń jẹun lọ́wọ́ ni," ìkejì ní.

"Ìwọ? Ìgbà wo lo kì í jẹun?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ohunkóhun tí ẹ rí." Ó yíjú sí mi. "Wádìí ohun tí wọ́n rí."

Mo mú wọn wọ yàrá kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: báwo ló ṣe rí? Àlájì Sàká tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "Àwo ni. Irin pẹlẹbẹ méjì, rọ́bà táyà láàárín, bóòtù kan gba inú gbogbo wọn kọjá." Àwọn mẹ́ta mìíràn sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹnì karùn-ún, èyí tó ń jẹun, kò rántí.

Ohun tó wà nínú àwòrán tí Bàbá Ràfíù gbé wá kì í ṣe pẹlẹbẹ. Ó jinlẹ̀ láàárín bí abọ́, abọ́ kejì jókòó sínú rẹ̀, rọ́bà sì tẹ̀ bí abọ́ náà láàárín wọn. Ènìyàn mẹ́rin kò lè ṣàṣìṣe kan náà láìgbọ́ ohun tí ẹnìkejì sọ. Nínú kí àwòrán má tọ̀nà tàbí kó jẹ́ ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Ní Sátidé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń kàn lọ́wọ́, mo fi ọwọ́ kàn án: abọ́ ni. Mo wá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí wọ́n ń da àlòkù irin sí. Kò pẹ́ tí mo fi rí àwo irin méjì pẹlẹbẹ. Rọ́bà ti fi àpá dúdú sílẹ̀ lójú wọn, gbogbo àpá náà sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Bóòtù tó wà lára wọn ti já sí méjì. Mo gbé wọn lọ bá a.

"Bàbá Ràfíù, kí nìyí?"

"Irin." Kò gbójú sókè.

"Irin kí ni?"

"Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì yìí. Mo fi ọkọ̀ tuntun hàn ọ́, ààtàn lo lọ."

"Èyí lẹ gbé kiri lọ́jọ́ òmìnira."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ènìyàn mẹ́rin, sà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó wọn wá."

Ó gbé òòlù rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí pákó. Ó wá jẹ́wọ́ fún mi. Àwo yẹn ló kọ́kọ́ ṣe, ara ọkọ̀ Àlájì Sàká ló sì kọ́kọ́ dè é mọ́. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn òmìnira náà, ọkọ̀ ń kó pákó bọ̀, ó yí kọ́nà ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, bọ́dì yọ̀ lórí àwo, bóòtù já, ọkọ̀ ṣubú. Egungun itan Mùfú awakọ̀ rẹ̀ sì kán.

"Àlájì bi mí pé kí ló fà á," ó ní. "Gbogbo ẹgbẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní eré ni Mùfú sá."

"Ẹ rí i pé ó sáré?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

Àlájì ti lé Mùfú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, kò sí olówó ọkọ̀ tó tún gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù fún àtúnṣe, Bàbá Ràfíù rọra yọ àwo, ó fi abọ́ rọ́pò rẹ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa rò pé ohun kan náà ni.

Mo ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún un. Àwo ni àwùjọ rí, abọ́ kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni, torí kò sẹ́ni tó lè rí inú rẹ̀ láìtú u. Abọ́ ṣì jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n a ní láti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwo ti wà rí, pé ó kùnà, àti ìdí tó fi kùnà.

"Ta ló máa ka ìwé náà?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, sà. Kì í ṣe ìwé àṣírí."

"Àlájì ò mọ̀wé."

"Ọmọ rẹ̀ mọ̀wé."

Ó fọwọ́ pa ojú rẹ̀. "Kọ abọ́, má dárúkọ àwo. Ṣé ìjọba máa bèèrè ni?"

Ìbéèrè tó yẹ ni, mo sì fún un ní èsì tó yẹ. Ìjọba kò ní bèèrè. Ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn ni yóò bèèrè. Wọn yóò rí àwọn ẹlẹ́rìí wa, wọn yóò sì sọ pé àwo tí gbogbo ènìyàn rí la tẹ̀ díẹ̀ tí a sọ di abọ́, pé ọmọdé lè ronú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè dá wọn lóhùn. Nígbà tí ọkọ̀ Àlájì ṣubú, gbogbo akanbọ́dì ló ń sọ pé kí wọ́n lo bóòtù tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun nìkan ló rí i pé kì í ṣe bóòtù ló yẹ kó máa di bọ́dì mú ní kọ́nà, pé ìjókòó rẹ̀ ló yẹ kó máa dá a padà sáàárín. Ìyẹn ni ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tí ọgbọ́n náà lè yé bí a kò bá sọ pé àwo kùnà. Ohun tó ń tì í lójú àti ohun tó lè fún un ní ẹ̀tọ́, inú gbólóhùn kan náà ni wọ́n wà.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mo ń ro ti Mùfú. Ìyẹn jẹ́ ti apá kẹta ìwé mi.

Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ méjì. Ohun tó tẹ̀lé e, Àlájì Sàká ló sọ fún mi. Ó ní Làmídì wọlé tọ òun wá láàárọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kó tó lanu, ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdi ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Àlájì ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun bi í: "Ta ló máa sọ fún Mùfú?"

Kí n yára sọ ibi tí ìwé náà já sí. A gbé e lọ, ìjọba fún un ní pátẹ́ǹtì lórí abọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò tún bèèrè sípánà mọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni wọ́n kọ lẹ́tà sí, wọ́n sì bá Bàbá Ràfíù ṣe àdéhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni nǹkan rẹ̀. Mo ti yẹ ọ̀pọ̀ nǹkan wò lẹ́yìn ìyẹn, títí dé ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ ju gbogbo ọkọ̀ Ìdímù lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá jẹ́ irú ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí kì í gba ohun tí kò tíì fọwọ́ kàn gbọ́, àyè yín wà níbí. Mi ò sọ pé yóò sọ yín di olókìkí. Mi ò rí ìyẹn.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a gbé ìwé náà lọ, àwa mẹ́ta la lọ sílé Mùfú ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú. Ìyàwó rẹ̀ ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mùfú ní ká jókòó. Àlájì jókòó, èmi náà jókòó. Bàbá Ràfíù wà lórí ìdúró. Ó ti jẹ́wọ́ pé irọ́ lòun pa mọ́ Mùfú ká tó dé orí ìwé. Mùfú kàn ní, "Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ kọ."

Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á lọ: "A kọ́kọ́ fi àwo pẹlẹbẹ méjì ṣe é. Bí ọkọ̀ bá yí kọ́nà, kò sí ohun tó di bọ́dì mú ju bóòtù kan lọ. Kódà lórí eré tí kò pọ̀, pẹ̀lú ẹrù tí kò ju ìwọ̀n lọ, bóòtù náà yóò já, ẹnikẹ́ni tó wù kó wà nídìí ọkọ̀." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣírò bóòtù yẹn kí n tó jẹ́ kí gbólóhùn náà dúró.

"Ibi tó ti sọ pé eré tí kò pọ̀ yẹn," Mùfú ní, "ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ìyá Sìkírá, wá gbọ́ nǹkan."

Ìyàwó rẹ̀ nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀, ó wá dúró tì í. Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Kò wo Bàbá Ràfíù, èmi ló wò. "Ṣé ìwé ìjọba nìyẹn?"

"Ọ̀la ló máa dé ọ̀dọ̀ ìjọba, mà."

"Wọn ò ní yọ ọ́ kúrò níbẹ̀?"

"Wọn ò lè yọ ọ́."

Mùfú na ọwọ́, mo gbé ìwé náà fún un. Kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Ó bi mí pé ìlà wo ni, mo fi ìka rẹ̀ lé e. Ó fi ìka náà síbẹ̀, kò gbé e kúrò. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè sí ọkùnrin tó ti ń dúró láti ìgbà tí a dé.

"Bàbá Ràfíù," ó ní, "ẹ jókòó."